Ìyẹ́ aláṣọ àbí ìyẹ́ onírin: èwo ni kí ará Àgbádárìgì sanwó fún?

Ilẹ̀ Àgbádárìgì tẹ́ bí ẹní. Láti Àjárà dé Sèmè, láti etí ọ̀sà dé etí òkun, kò sí òkè kan tí èèyàn lè dúró lé kó máa wo orí àgbọn nísàlẹ̀. Bóyá ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí òfuurufú máa wu àwọn ọ̀dọ́ wa tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń wá bi mí nípa fífò láti orí òkè kò dín kù, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń gbé wá: "Ẹ̀gbọ́n, paragliding ni àbí hang gliding, èwo ni kí n sanwó fún?"

Mo ti fi ọ̀kan fò. Bọ̀dá mi tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ti fi èkejì fò. Ohun tí ojú mi rí àti ohun tí Bọ̀dá fi ẹnu ara wọn sọ fún mi ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níbí, torí pé owó tó ń bá a lọ kì í ṣe kékeré, ẹ̀mí tó wà nídìí ẹ̀ sì ju owó lọ.

Kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an?

Paragliding, aṣọ ni gbogbo ẹ̀. Kò ní irin, kò ní igi. Aṣọ náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́ ni, wọ́n fi ìpele méjì rán an ní yàrá-yàrá, ẹnu iwájú ẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń gba ẹnu yẹn wọlé, inú aṣọ á kún, á le, á sì di apá bíi ti ẹyẹ. Okùn tín-ín-rín lóríṣiríṣi ló so apá yìí mọ́ ìjókòó tí páílọ́ọ̀tì wà nínú ẹ̀. Ńṣe ló jókòó, ó di ìjánu mú lọ́wọ́ méjèèjì: bó bá fa tọ̀tún, ó yà sọ́tùn-ún, bó bá fa méjèèjì pọ̀, eré dín kù. Èyí ni mò ń pè ní ìyẹ́ aláṣọ.

Hang glider ní egungun. Ọ̀pá alumíníọ̀mù ni egungun yìí, wọ́n wá na aṣọ lé e bí awọ ṣe ń nà lójú ìlù. Ẹni tó ń wà á kì í jókòó. Ńṣe ló dọ̀bálẹ̀ sínú àpò kan tó rọ̀ mọ́ abẹ́ apá náà, ojú ẹ̀ kọ sí ilẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ sì wà lórí ọ̀pá onígun mẹ́ta tó wà níwájú ẹ̀. Kò sí ìjánu níbẹ̀, ara ló fi ń darí. Bó bá sún ara sọ́tùn-ún, ó yà sọ́tùn-ún. Bó bá fa ara síwájú, eré pọ̀ sí i. Èyí ni ìyẹ́ onírin.

Ìyẹ́ onírin ni ẹ̀gbọ́n. Láti ọdún 1891 ni Otto Lilienthal, ará Jámánì, ti ń fi irú ẹ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, títí ìjàǹbá fi gba ẹ̀mí ẹ̀ ní 1896. Ọdún 1978, ní Mieussy ní ilẹ̀ Faransé, ni àwọn tí wọ́n máa ń fi párásúùtì bọ́ láti inú bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ sáré gbéra láti orí òkè. Ibẹ̀ ni ìyẹ́ aláṣọ ti wá sí ojútáyé.

Ẹrù, eré àti ibi tó lè gbé yín dé

Ìyẹ́ aláṣọ: gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ ìjókòó àti akoto kì í sábà ju kílò 20 lọ, inú báàgì ẹ̀yìn kan ló ń wọ̀. Ẹ lè tú u ká láàárín ìṣẹ́jú 10. Eré ẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó parọ́rọ́ jẹ́ bíi kìlómítà 35 sí 40 ní wákàtí kan.

Ìyẹ́ onírin: apá nìkan wọn kílò 20 sí 35, ó sì gùn tó mítà 5 tàbí 6 lẹ́yìn tí wọ́n bá ká a. Ó máa ń gbà tó ìdajì wákàtí kí wọ́n tó tò ó tán. Àwọn tó yá jù nínú wọn lè kọjá kìlómítà 100 ní wákàtí kan.

Ẹ ro ọ̀rọ̀ mítà 5 yẹn dáadáa. Ó gùn tó ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kékeré! Awakọ̀ wo ní gáréèjì wa ló máa gbà kí ẹ so ó mọ́ òrùlé mọ́tò òun, kí ẹ sì jọ la bọ́dà mẹ́ta kọjá lọ bá òkè ní ilẹ̀ Gánà? Ní tèmi, ibí ni ìyẹ́ aláṣọ ti kọ́kọ́ borí fún ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ wa.

Tó bá kan ìrìn ọ̀nà jíjìn lójú ọ̀run, ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́. Bí òkè bá ga ní mítà 500, tí kò sì sí afẹ́fẹ́ tó ń gbéni sókè, ìyẹ́ aláṣọ á gbé yín tó kìlómítà 4 kó tó kan ilẹ̀. Ìyẹ́ onírin tó dáńtọ́ lè kọjá kìlómítà 7 láti orí òkè kan náà. Ní 2012, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, Dustin Martin fi ìyẹ́ onírin rìn tó kìlómítà 764 láìfi ẹ́ńjìnnì kankan kún un. Ó ju ìrìn Èkó dé Àbújá lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ kàn fẹ́ sanwó kí páílọ́ọ̀tì gbé yín fò kò nílò kìlómítà 764. Ohun tó kàn yín ni pé ìyẹ́ aláṣọ máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n mítà kan àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Láti ibi tó ga ní mítà 300, ìṣẹ́jú 4 sí 5 péré ni ẹ máa lò bí afẹ́fẹ́ kò bá gbé yín. Bí ẹni tó ń tajà bá ṣèlérí ìdajì wákàtí, ẹ bi í pé bí afẹ́fẹ́ kò bá gbéni lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?

Èwo ni ewu ẹ̀ kéré?

Ìbéèrè yìí ni ìyá mi kọ́kọ́ bi mí, ó sì tọ́ kí n dáhùn láìfi nǹkan kan pamọ́. Kò sí èyí tí kò ní ewu. Ọ̀nà tí ewu ń gbà wọlé ni kò jọra.

Aṣọ lè pa dé. Bí ìyẹ́ aláṣọ bá wọ inú afẹ́fẹ́ tó ń rú, apá kan ẹ̀ lè ṣẹ́ wọlé lójijì. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ sábà máa ń ṣí fúnra ẹ̀, páílọ́ọ̀tì tó mọṣẹ́ sì mọ ohun tó máa ṣe sí i. Àmọ́ bó bá ṣẹlẹ̀ nítòsí ilẹ̀, àyè kì í sí. Ìyẹ́ onírin kì í pa dé bẹ́ẹ̀ nítorí egungun ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi lágbára ju èkejì lọ nínú afẹ́fẹ́ líle. Ibi tí tiẹ̀ ti ń bani lẹ́rù ni bíbalẹ̀: eré ẹ̀ pọ̀, ó fẹ́ kí ẹ ti ọ̀pá yẹn síwájú lásìkò tó yẹ gẹ́lẹ́, ọ̀pọ̀ ló sì ti kán lápá níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Kíkọ́ ẹ̀ máa ń pẹ́ ju ti ìyẹ́ aláṣọ lọ. Párásúùtì àpamọ́ yẹ kó wà lára méjèèjì. Ẹ béèrè fún un, kí wọ́n fi hàn yín kí ẹ tó so bẹ́líìtì.

Afẹ́fẹ́ ló ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àgbà ní àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Àwòdì nìyẹn. Lórí òkè tí èèyàn ti ń fò, ẹ̀fúùfù tó bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn kò yá iṣẹ́ kankan, ìdúró ló dé. Ojú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń kọ sí kí wọ́n tó gbéra, afẹ́fẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ rọra máa fẹ́ wá láti ìsàlẹ̀ òkè. Bó bá wá le tó kìlómítà 35 ní wákàtí kan, ojú kan ni ìyẹ́ aláṣọ á dúró sí lójú ọ̀run, bó bá sì jù bẹ́ẹ̀ lọ, á máa fà á padà sẹ́yìn òkè.

Òjò ńkọ́? Ní oṣù kejì ọdún 2007, ní Manilla ní Ọsirélíà, ìkùukùu òjò ńlá fa Ewa Wiśnierska, páílọ́ọ̀tì ará Jámánì, àti ìyẹ́ aláṣọ ẹ̀ sókè tó mítà 9,900. Ó dákú nínú yìnyín, ó sì yè é. Nítorí náà, páílọ́ọ̀tì tó bá wo ojú ọ̀run tó sọ pé, "A ò fò lónìí," ẹ fún un ní ọ̀wọ̀. Òun ni ẹni tó yẹ kí ẹ bá dòwò pọ̀.

Ibi tí ẹ ti lè sanwó fò

Fún wa ní Àgbádárìgì, ibi tó rọrùn jù ni Kwahu ní ilẹ̀ Gánà. Láti 2005 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún paragliding níbẹ̀ nígbà Àjíǹde, lórí òkè Odweanoma ní Atibie. Àwọn páílọ́ọ̀tì ń wá láti òkè òkun, wọ́n á gbé yín síwájú wọn lórí ìyẹ́ onímèjì, ẹ jọ máa fò lọ sí ìhà Nkawkaw nísàlẹ̀. Sèmè ni ẹ máa gbà, ẹ ó gba Kútọnu àti Lomé, ẹ ó wọ Gánà ní Aflao, kí ẹ tó kọjá Accra sí ojú ọ̀nà Kumasi. Páásípọ́ọ̀tù ECOWAS yín ti tó, ẹ má sì gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Sefa lẹ máa ná lọ́nà, sídì lẹ máa ná níbẹ̀.

Ìyẹ́ aláṣọ ni ti Kwahu. Bọ̀dá mi rí méjèèjì níbi kan náà, ní Rio de Janeiro ní Bràsíìlì, níbi tí àwọn tó ń fò ti máa ń gbéra láti òkè Pedra Bonita tí wọ́n sì ń balẹ̀ sí etí òkun São Conrado. Wọ́n yan ìyẹ́ onírin. Wọ́n ní orí pákó tó dagun ni àwọn ti sáré, ẹsẹ̀ mẹ́fà péré, ilẹ̀ tán. Wọ́n ní inú wọn kọ́kọ́ já, lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan wá dákẹ́. "Mo dọ̀bálẹ̀ sórí afẹ́fẹ́," báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi, omi sì lé ròrò sójú wọn. Èmi tí mo jókòó lórí Kwahu kò lè sọ pé mo mọ ohun tí wọ́n rí yẹn. Èmi rí igbó tó tẹ́ lọ bí ẹní aláwọ̀ ewé, mo rí òrùlé páànù, mo bá páílọ́ọ̀tì sọ̀rọ̀ bí ẹni jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wo ayé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, ti aláṣọ ni. Bó bá jẹ́ pé ìmọ̀lára ẹyẹ gan-an lẹ ń wá, ti onírin ni.

Kí ẹ tó sanwó níbikíbi: ṣé fídíò wà nínú owó náà? Bí ojú ọjọ́ bá kọ̀, ṣé wọ́n á dá owó padà ni, àbí ẹ máa dúró di ọ̀la? Kílò mélòó ni wọ́n lè gbé? Ìwọ̀n yín gan-an ni kí ẹ sọ, ẹ má yọ kílò kan kúrò nínú ẹ̀, torí òun ni páílọ́ọ̀tì fi ń yan apá tó máa gbé yín.

Ẹni tó fẹ́ ra tiẹ̀

Mo bẹ̀ yín, ẹ má kánjú. Mo ra ìyẹ́ aláṣọ tókunbọ̀ kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní òdì kejì bọ́dà. Àwọ̀ ẹ̀ ń dán, owó ẹ̀ sì wálẹ̀. Páílọ́ọ̀tì kan tí mo fi àwòrán ẹ̀ hàn ló ní kí n gbé ẹnu lé aṣọ náà kí n fẹ́ atẹ́gùn sí i. Atẹ́gùn gba inú ẹ̀ kọjá bí ìgbà tí wọ́n da omi sínú asẹ́. Aṣọ tó ṣì dára kì í jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn apẹja wa mọ irú ẹ̀: àwọ̀n tí oòrùn ti jẹ, ojú ẹ̀ ṣì wà, agbára ẹ̀ ti lọ. Owó yẹn wọmi, ó sì dùn mí gan-an, àmọ́ ohun tó máa ń já mi láyà ni pé mo ti ń wá òkè tí mo máa ti fi fò.

Bíi wákàtí 300 lójú oòrùn ni aṣọ wọ̀nyí sábà máa ń lò kó tó gbó. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò, ẹ béèrè iye wákàtí tó ti fò, kí ẹ sì wo àmì EN, ìyẹn àmì àyẹ̀wò ààbò ti ilẹ̀ Yúróòpù, lára ẹ̀: A ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, D ni ti àwọn ògbóǹtarìgì. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun wa, iyanrìn àti ọ̀rinrin máa ń ba aṣọ àti okùn ẹ̀ jẹ́, nítorí náà inú ilé tó gbẹ ni kó máa wà.

Àwọn kan ti ń sọ pé àwọn máa so ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹ̀yìn kí àwọn sì gbéra láti etí òkun. Ó ṣeé ṣe lórí ilẹ̀ títẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n NCAA ló ń bójú tó òfuurufú Nàìjíríà, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, pàápàá bí a ṣe sún mọ́ bọ́dà yìí. Ẹ sì gbọ́ èyí: omi kì í ṣe ibi ìbalẹ̀ tó rọ̀. Bí ìyẹ́ bá já sínú ìgbì òkun wa, okùn á wé mọ́ni lẹ́sẹ̀, aṣọ á mu omi, ìgbì á sì máa wọ́ ọ lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa náà lè rì níbẹ̀.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ yín, ìjókòó kan lórí ìyẹ́ aláṣọ ni kí ẹ rà, kí ẹ fi owó apá tiyín pamọ́ ná. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ fi ìró àti sálúbàtà sílẹ̀ ní ilé ìtura. Bí páílọ́ọ̀tì bá sì ní kí ẹ sáré, ẹ sáré. Ẹ má jókòó torí pé bẹ́líìtì ti fà yín. Ẹ máa sáré títí ẹsẹ̀ yín á fi máa gbá afẹ́fẹ́ lásán.