Íápíìsì tí kò ní wáyà: kéèsì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ra àwọn íápíìsì kéékèèké tí kò ní wáyà yìí gbọ́ lẹ́nu mi kò pọ̀. Kẹ́ ẹ tó bèèrè bí ohùn rẹ̀ ṣe dùn tó, ẹ gba kéèsì rẹ̀, ìyẹn àpótí kékeré tí wọ́n ń kó o sí kó lè gba iná, lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ ṣí i, ẹ pa á dé, ẹ dorí rẹ̀ kodò, kẹ́ ẹ sì bèèrè bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe é máa ń ta ẹyọ kan lọ́tọ̀. Ohùn ti dáa lára ọ̀pọ̀ nínú wọn báyìí, títí kan àwọn tí kò wọ́n. Sísọnù ló ń dá èèyàn padà sọ́jà.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀, ìpàdé, ìwàásù, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni nǹkan máa ń wà létí mi. Nígbà tí mò ń lo oníwáyà, wáyà yẹn kì í jẹ́ kí n gbádùn: á há sí apá àga, á kọ́ mọ́ ọwọ́ ìlẹ̀kùn, tí mo bá sì dìde lójijì, fóònù á tẹ̀ lé mi, á já bọ́ sílẹ̀. Ká má tíì sọ ti ìdí ibi tí wọ́n ti ń kì í bọ fóònù, tí wáyà máa ń gé sí nínú, tí etí kan á máa sọ̀rọ̀, tí èkejì á dákẹ́, àfi téèyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá ti lò ó rí mọ ohun tí mò ń wí.

Aláìníwáyà gbà mí lọ́wọ́ gbogbo ìyẹn. Mo lè gbé fóònù sórí tábìlì kí n máa fọ abọ́, kí n máa ká aṣọ, kí etí mi sì ti mọ ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ kí n tó jókòó sídìí iṣẹ́. Bluetooth tó so òun àti fóònù pọ̀ sábà máa ń dé nǹkan bíi mítà 10. Ògiri máa ń dín in kù, ara èèyàn náà sì máa ń dín in kù, torí pé omi tó wà lára wa máa ń gba díẹ̀ lára ìgbì rédíò tó ń lò. Ìdí nìyẹn tí ohùn fi lè máa já téèyàn bá ki fóònù sápò ẹ̀yìn. Àpò àyà ni mo máa ń ki tèmi sí.

Èyí tí mo wá fẹ́ràn jù ni pé mo lè lo ẹyọ kan ṣoṣo. Tọ̀tún á wà létí, tòsì á wà nínú kéèsì, á máa gba iná. Tí iná tọ̀tún bá ti fẹ́ tán, mo pààrọ̀ wọn, iṣẹ́ ò dúró. AirPods àkọ́kọ́ tí Apple bẹ̀rẹ̀ sí í tà lóṣù Kejìlá ọdún 2016, wákàtí 5 ni wọ́n ní ó ń lò kí iná rẹ̀ tó tán, ó sì lé ní wákàtí 24 téèyàn bá ka èyí tó wà nínú kéèsì mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bíi tèmi kò ní tètè rí ìgbà tí kò sí iná. Etí kejì á sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀: màá gbọ́ tẹ́nì kan bá kanlẹ̀kùn, màá gbọ́ tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Ẹni tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn láé pé kó di etí méjèèjì pa.

Àmọ́ gbogbo ìgbà téèyàn bá yọ ọ́ létí ló lè sọnù. Àwọn èèyàn máa ń rò pé bí wọ́n bá ń sáré ló máa bọ́. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Tí rọ́bà rẹ̀ bá bá ihò etí mu, ó máa ń dúró. Ìdí tí wọ́n fi ń kó rọ́bà kékeré, aláàárín àti ńlá sínú páálí nìyẹn, ẹ má sì fi èyí tó wà lára rẹ̀ látilẹ̀ sílẹ̀ láìdán àwọn yòókù wò. Àárín etí àti kéèsì ló ti ń sọnù, ìgbà tó bá wà lọ́wọ́. Ẹnì kan kí yín, ẹ yọ ẹyọ kan kẹ́ ẹ lè dáhùn, ẹ dì í mú. Ọwọ́ yẹn náà lẹ tún fẹ́ fi gbé ife, ẹ bá fi íápíìsì sórí ohun tó bá sún mọ́ yín. Tàbí ẹ jù ú sápò, ẹ sì fa kọ́kọ́rọ́ yọ nínú àpò yẹn kan náà. AirPods àkọ́kọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, gíráàmù 4 péré ni ẹyọ kan. Tí ohun tó fúyẹ́ tó báyẹn bá bọ́, ara kì í mọ̀ ọ́n. Tó bá sì jẹ́ orí aṣọ tàbí kápẹ́ẹ̀tì ló bọ́ sí, etí náà ò ní gbọ́.

Aṣọ tí wọ́n ń gba orí bọ́ wà níbẹ̀, ìgò ojú wà níbẹ̀, àmọ́ ìbòmú ló burú jù. Okùn rẹ̀ ló fa èyí tó sọnù lọ́wọ́ mi yọ. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo fa ìbòmú sísàlẹ̀, okùn rẹ̀ kọ́ tòsì. Mo gbọ́ tó ta lára irin tó bo gọ́tà, ó tún ta lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wọlé. Omi wà nísàlẹ̀, ó ń ṣàn. Ọkùnrin tó wà nínú ohun tí mò ń gbọ́ ò dánu dúró. Ó ṣì ń bá àlàyé rẹ̀ lọ nínú etí ọ̀tún mi.

Kì í ṣe èmi nìkan nirú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní ìlú Tokyo, ilé iṣẹ́ reluwé JR East ka íápíìsì aláìníwáyà tó bọ́ sójú irin ní ibùdókọ̀ 78 láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020. Ó tó nǹkan bí 950, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ohun tó bọ́ síbẹ̀. Ọ̀pá gígùn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń mú nǹkan kò lè mú ohun tó kéré tó báyẹn láàárín òkúta, ni àwọn àti Panasonic bá ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fa nǹkan sókè bíi ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa eruku ilẹ̀, wọ́n sì dán an wò ní ibùdókọ̀ Ikebukuro. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe íápíìsì ro ìyẹn dáadáa, pé àwọn onírelúwéè ní láti wá ẹ̀rọ pàtó fún kíkó ohun tí wọ́n ń tà.

Tó bá jẹ́ inú ilé ló bọ́ sí, ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì láti òkè. Ẹ fi fóònù lélẹ̀ pẹrẹsẹ, kí iná rẹ̀ máa gba orí ilẹ̀ lọ. Ohunkóhun tó bá yọ sókè lórí ilẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, òjìji rẹ̀ á gùn lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo ṣe rí ẹyọ kan lábẹ́ fìríìjì nìyẹn. Eruku ti bo rọ́bà rẹ̀ débi pé mi ò bá má dá a mọ̀. Òjìji rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, tó nà dé ara ògiri.

Àwọn fóònù náà ní ètò tó ń báni wá a. Ti Apple ń jẹ́ Find My, Samsung ní SmartThings Find, Google náà sì mú tirẹ̀ gbòòrò sí i fún àwọn oní-Android lọ́dún 2024. Wọ́n wúlò gan-an, àmọ́ ẹ mọ ibi tí agbára wọn mọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí fóònù ti rí íápíìsì náà gbẹ̀yìn ni máàpù á fi hàn yín, kì í ṣe ibi tó wà báyìí. Tẹ́ ẹ bá ní kó dún, àfi kí iná ṣì wà lára rẹ̀, kí fóònù sì wà nítòsí. Tí iná bá ti tán, ètò yẹn ò lè mú un dún mọ́, torí náà ojú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ẹ yọ èyí tó kù létí kẹ́ ẹ tó ní kó dún o, ariwo rẹ̀ máa ń gún etí. Tó bá sì jẹ́ pé inú kéèsì tó ti pa dé ni méjèèjì wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní dún rárá. Ìdí tí mo fi yin AirPods Pro kejì, ti ọdún 2022, nìyẹn: kéèsì fúnra rẹ̀ máa ń dún, ó sì ní ibi tí wọ́n lè so okùn mọ́.

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe èyí tó wọ gọ́tà pé tòsì nìkan ni mo fẹ́ rà. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé àwọn kì í ta ẹyọ, kí n ra odindi òmíràn. Ó dùn mí wọra. Tọ̀tún dáa, kéèsì dáa, bátìrì ò tíì rẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ kí n fi wọ́n ṣe? Ohun tí wọ́n sọ yẹn kì í sì í ṣe ọ̀ràn-anyàn. Apple máa ń ta ẹyọ kan fún ẹni tó bá sọ ọ̀kan nù. Fairphone, ilé iṣẹ́ kan ní Netherlands, gbé Fairbuds jáde lọ́dún 2024, èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, wọ́n sì ń ta àwọn ẹ̀yà rẹ̀ lọ́tọ̀lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ẹyọ rà, ẹ rí i pé irú kan náà ni, kẹ́ ẹ kó méjèèjì sínú kéèsì kan náà, kẹ́ ẹ tún wọn tò látìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ bátìrì yìí náà ń ká mi lára. Tí íápíìsì ò bá tiẹ̀ sọnù, bátìrì rẹ̀ á gbó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì fi gúlúù lẹ̀ pa débi pé téèyàn bá ṣí i, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Àwọn iFixit, tó máa ń tú ẹ̀rọ wò kí wọ́n lè sọ bó ṣe rọrùn tó láti tún un ṣe, òdo nínú 10 ni wọ́n fún AirPods. Òfin bátìrì tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe lọ́dún 2023 sọ pé láti oṣù Kejì ọdún 2027, ẹni tó ra irú ohun èlò báyìí gbọ́dọ̀ lè yọ bátìrì rẹ̀ fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí wọ́n yọ sílẹ̀. Mò ń retí rẹ̀.

Ní ti ìpè, oníwáyà ṣì ń borí. Máíkì tirẹ̀ máa ń rọ̀ nítòsí ẹnu, ti aláìníwáyà sì wà lókè létí, tí afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ lù ú. Ní ti ariwo, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà má gbọ́ ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 lọ fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Iṣẹ́ tèmi máa ń gbà tó bẹ́ẹ̀, torí náà mi ò kì í jẹ́ kó lé ní ìdajì lórí fóònù.

Kéèsì èyí tí mò ń lò báyìí ní òòfà tó le. Mo lè dorí rẹ̀ kodò ní ṣíṣí kí n gbọ̀n ọ́n, kò sí èyí tó máa bọ́. Ó ní ihò, mo so okùn rẹ̀ mọ́ inú báàgì. Mo sì yan aláwọ̀ ọsàn tìfẹ́tìfẹ́, torí funfun kì í hàn lórí bẹ́ẹ̀dì funfun, dúdú kì í hàn ní ìsàlẹ̀ báàgì. Ohùn rẹ̀ kò ṣe bí ẹni fẹ́ wú ilẹ̀ nígbà tí ìlù bá bẹ̀rẹ̀, àmọ́ mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ketekete, ohun tí mo rà á fún nìyẹn.

Mi ò ní rà á fún ilé tí ọmọ tó ń rá bàbà wà, torí ẹnu ni gbogbo ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ń lọ, bátìrì sì wà nínú rẹ̀. Mi ò sì ní rà á fún ẹni tí ìka rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Irú tó ń gba ẹ̀yìn ọrùn kọjá ni mo rà fún màmá mi, Bluetooth lòun náà, àmọ́ okùn kúkúrú so tọ̀tún àti tòsì pọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́ létí, ọrùn wọn náà ló máa rọ̀ sí. Bátìrì rẹ̀ tóbi ju ti àwọn ẹyọ kéékèèké yìí lọ, ó sì máa ń pẹ́ gan-an kí wọ́n tó ní kí n bá àwọn fi sínú iná.