Àyẹ̀wò agolo iyọ̀ àfisápò: kí oúnjẹ tó tẹ́ má bàa mú kí onílé tẹ́

Agolo iyọ̀ àfisápò kì í ṣe nǹkan ńlá. Agolo róbótó kan ni, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. A ó rọ iyọ̀ tàbí ata gbígbẹ sínú rẹ̀, a ó dé e, a ó sọ ọ́ sápò. Àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn tó ń sùn nínú àgọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń rà á nítorí ilé onílé: wọ́n gbé oúnjẹ síwájú wọn, kò bá wọn lẹ́nu mu, wọ́n sì fẹ́ tún un ṣe níbẹ̀ láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìlò kejì yìí ni àyẹ̀wò yìí dá lé. Fún ìrìn àjò, ìràwọ̀ 5 nínú 5, kò sí àríyànjiyàn. Fún orí tábìlì ẹni tó gbani lálejò, 2 ni a fún un, kì í sì í ṣe agolo ló jẹ̀bi.

Oúnjẹ lè tẹ́. Iyọ̀ rẹ̀ lè pọ̀ jù. Ata rẹ̀ lè ta ju bí ahọ́n ṣe lè gbà lọ. Ó sì lè jẹ́ pé alásè kò ṣe àṣìṣe kankan, àmọ́ òórùn oúnjẹ náà, bó ṣe ń yọ̀ lẹ́nu tàbí ohun tí wọ́n fi sè é gan-an ni àlejò kò fẹ́. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àkọ́kọ́ nìkan ni agolo mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ó tún ń ṣe ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ fún oúnjẹ tó korò, nítorí iyọ̀ máa ń bo ìkorò mọ́lẹ̀ lórí ahọ́n. Fún ìyókù, ńṣe ló ń dá kún un. Ẹni tó bá wọ́n iyọ̀ sí oúnjẹ tó ń ta jù ti fi wàhálà kejì gun àkọ́kọ́ lórí.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní ni agolo onírin tí à ń yí ọmọrí rẹ̀, tí àwo pẹlẹbẹ oníhò sì wà lábẹ́ ọmọrí náà. Èkejì ni ti oníke tí wọ́n ń tò léra, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ìdí ọ̀kan jẹ́ ọmọrí fún èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àpò bébà kékeré tí à ń fà ya, tí iyọ̀ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń tó gíráàmù 1 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Àtòléra yìí fani mọ́ra nínú àwòrán, àmọ́ òun ló burú jù lórí tábìlì. Kí ọwọ́ tó tẹ ata tó wà nísàlẹ̀, a ó ti tú iyọ̀ tó wà lókè, gbogbo rẹ̀ á wá tẹ́ rẹrẹ níwájú àlejò bíi pé ó ń pàtẹ ọjà. Ike sì máa ń gba òórùn ata sára, débi pé iyọ̀ tí a bá rọ sí i lẹ́yìn náà á máa rùn bí ata.

Onírin ló sàn jù, bí kò bá jẹ́ irin tó ń dípẹtà. Ẹ wo etí ibi tí ọmọrí ti ń wọlé, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ rọ́bà tín-ín-rín tó yí inú ọmọrí ká wò. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá agolo náà padà sórí àtẹ, nítorí iyọ̀ máa ń fa omi sára nígbà tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 75 nínú 100, iyọ̀ tó bá sì ti fa omi á dì mọ́ra, á dí gbogbo ihò pa. Hóró ìrẹsì gbígbẹ márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú agolo máa ń dín in kù, bí ihò kò bá ti tóbi tó láti jẹ́ kí hóró náà bọ́ sínú àwo. Ihò tó gba iyọ̀ wẹ́wẹ́ kì í gba ata tí a gún lásán, nítorí náà, ata tí a fẹ́ rọ sínú irú agolo bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kúnná.

Ìjàǹbá tó burú jù tí agolo yìí lè ṣe ni kí àwo oníhò bá ọmọrí wá nígbà tí a bá ń ṣí i, kí gbogbo iyọ̀ dà sórí oúnjẹ. Kò sí ọ̀rọ̀ tí àlejò lè sọ lẹ́yìn ìyẹn. Nílé ni kí ẹ ti dán an wò: ẹ rọ iyọ̀ dé ìdajì, ẹ ṣí i kí ẹ sì dé e padà ní ìgbà 10, ẹ dà á dorí kodò sórí àwo òfìfo, kí ẹ mì í dáadáa. Bí àwo oníhò náà bá mì jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò yẹ lóhun tí à ń gbé lọ sílé ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ orí tábìlì ló pọ̀ jù. Kí agolo tó jáde lápò, àlejò gbọ́dọ̀ ti tọ́ oúnjẹ náà wò, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó wọ́n iyọ̀ sí ohun tí kò tíì fẹnu kàn ti sọ fún onílé pé òun kò gbà pé ó mọ oúnjẹ sè, bí kò tilẹ̀ la ẹnu. Ẹ bù ú lẹ́ẹ̀mẹta, láti ibi mẹ́ta lórí àwo, nítorí iyọ̀ lè ti rọ̀ sísàlẹ̀ ọbẹ̀ tàbí kó wà nínú ẹran nìkan. Bó bá ṣì tẹ́ lẹ́yìn èyí, ẹ kọ́kọ́ béèrè iyọ̀ onílé: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí iyọ̀ díẹ̀? Èmi ni mo fẹ́ràn iyọ̀.” Gbólóhùn kejì yẹn ṣe pàtàkì ju èkíní lọ. Òun ló jẹ́ kí ẹ̀bi dúró sórí ahọ́n àlejò, kó má kan ọwọ́ alásè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ agolo ti parí, nítorí onílé á na iyọ̀ tirẹ̀ sí i.

Ìgbà tí agolo wúlò gan-an ni ìgbà tí onílé bá fèsì pé àwọn kì í fi iyọ̀ sí nǹkan mọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà náà, kí àlejò sọ pé òun ní díẹ̀ lọ́wọ́, kó béèrè bóyá òun lè lò ó, kó sì mú un jáde ní gbangba. Ìràwọ̀ kejì tí a fún un, nítorí èyí ni. Kò gbọ́dọ̀ jáde lábẹ́ tábìlì láé. Ọmọrí rẹ̀ máa ń dún, iyọ̀ á dà sórí aṣọ, ojú onílé á sì ká a mọ́ ọn lọ́wọ́. Iyọ̀ tí a wọ́n ní gbangba ń sọ pé àlejò fẹ́ràn iyọ̀. Èyí tí a wọ́n ní ìkọ̀kọ̀ ń sọ pé oúnjẹ kò dára. Àwo tirẹ̀ nìkan ló sì lè wọ́n ọn sí, kì í ṣe abọ́ tí gbogbo ènìyàn jọ ń bù nínú rẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n, ohun tí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá lè fi mú nǹkan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gíráàmù lọ, ìyẹn sì tó láti bẹ̀rẹ̀. Síbí ìpo-tíì kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù 6, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5. Àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ gbọn ọ́n sí ná, kí ẹ tó fi ìka wọ́n ọn. Bí ẹ bá gbọn agolo lókè oúnjẹ tó ń rú èéfín, ooru rẹ̀ á wọ ihò, iyọ̀ á sì dì kí ẹ tó délé. Bó bá jẹ́ ọbẹ̀, ẹ rò ó, ẹ dúró bí ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ tó tún un tọ́ wò. Bó bá jẹ́ oúnjẹ gbígbẹ, ìdajì ìwọ̀n yẹn ni kí ẹ fi sí i, torí pé iyọ̀ rẹ̀ kì í yòrò, orí oúnjẹ ló máa ń wà, ahọ́n á sì bá a pàdé ní tààrà. Ata gbígbẹ kì í tètè sọ bó ṣe ń ta tó. Díẹ̀díẹ̀ ni.

Ibi tí agolo kò ti lè ṣe nǹkan kan, ìwà àti ọgbọ́n ló kù. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ẹ bu ọbẹ̀ náà díẹ̀, kí ẹ sì bu ohun tí kò níyọ̀ lórí tábìlì yẹn mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ má bu omi sí i lójú onílé. Bí ata bá pọ̀ jù, omi tútù kò lè gbé e kúrò. Ohun tó ń ta nínú ata kì í yòrò nínú omi, ọ̀rá àti wàrà ló ń gbé e, nítorí náà, wàrà tàbí nǹkan ọlọ́ràá ni kí ẹ nawọ́ sí bó bá wà nítòsí. Bí kò bá sí, ẹ dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ máa sọ̀rọ̀. Títa náà á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Èyí tó le jù ni oúnjẹ tí kò ní àbùkù, tó kàn jẹ́ pé àlejò kò fẹ́ ẹ. Ìgbà tí síbí onílé ṣì wà lókè ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń yanjú: “Díẹ̀ á tó mi, ẹ ṣé.” Ẹ má sọ pé bí ẹ bá jẹ ẹ́ tán ẹ máa tún bù, torí onílé kò ní gbàgbé. Síbí méjì ni a lè jẹ tán láìfi ojú sọ ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, nítorí oúnjẹ gbígbóná ló ń tú òórùn jáde jù, ọ̀pọ̀ ohun tí a sì ń pè ní adùn, òórùn tó gba ẹ̀yìn ọ̀fun lọ sí imú ni. Ẹ bù ú kékeré, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu, kí ẹ sì máa fi ohun tí ẹ fẹ́ràn gbè é. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé àlejò á sáré jẹ èyí tí kò fẹ́ tán lákọ̀ọ́kọ́ kó lè bọ́ nínú rẹ̀. Onílé á rí i pé ibẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ́ lórí àwo, á sì bù kún un.

Bí onílé bá béèrè pé ṣé ó dùn, ẹ wá ohun tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀ kí ẹ sọ ọ́: ẹran rẹ̀ rọ̀, sísè rẹ̀ gba sùúrù, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó bá búra pé òun kò tíì jẹ irú rẹ̀ rí, wọ́n á sè é dè é nígbà tó bá tún ń bọ̀. Àwáwí “mo ti jẹun kí n tó wá” máa ń ṣiṣẹ́ títí tí wọn á fi gbé nǹkan dídùn jáde. Ní ti tíṣù, eegun tàbí ẹran tí kò ṣeé jẹ ló wà fún. Bí a bá di odindi oúnjẹ sínú rẹ̀, epo á jò jáde, ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ ló sì máa bá a pàdé.

Oúnjẹ tí ara ẹni kì í gbà kò sí lára ọ̀rọ̀ yìí o. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń fara mọ́ nítorí ìwà rere. Ọjọ́ tí wọ́n bá peni ni kí a ti dárúkọ rẹ̀ gan-an, ó pẹ́ tán ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Èyí kan agolo náà. Àpòpọ̀ èròjà tí wọ́n ti lọ̀ tẹ́lẹ̀ lè ní yànmọ̀tí tàbí músítáàdì nínú, méjèèjì sì wà lára ohun 14 tí òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sára páálí oúnjẹ torí àwọn tí ara wọn kò gbà á. Iyọ̀ lásán tàbí ata lásán ni kó wà nínú rẹ̀, kó má sì kọjá sọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì yín.

Ìgò ata olómi kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ó tóbi lójú, ó ń jò, ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfuurufú sì kà á mọ́ omi, tí kò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ nínú ẹrù àfọwọ́gbé. Bó bá jẹ́ nítorí ilé onílé nìkan ni ẹ fẹ́ ra nǹkan, àpò bébà méjì tó. Kì í dún, kì í dípẹtà, iyọ̀ inú rẹ̀ kò sì lè pọ̀ débi tí yóò ba àwo jẹ́. Ẹ ti bébà tó ya náà bọ àpò yín kí onílé tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo.