Lekki Conservation Centre: ẹ má torí afárá fo irà dá

Afárá gbọọrọ tí wọ́n so kọ́ sókè láàárín igi ló ń fa ọ̀pọ̀ èèyàn wá sí ọgbà tí wọ́n ti ń dáàbò bo igbó àti ẹranko yìí, ní Èkó. Mítà 401 ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, irà tó wà nísàlẹ̀ ló tó owó ẹni í san fún.

Ọdún 1990 ni wọ́n dá ọgbà yìí sílẹ̀. Àjọ Nigerian Conservation Foundation ló ń bójú tó hẹ́kítà 78 náà, lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Ilé ti yí i ká báyìí. Ibi tí wọ́n bá ti fi iyanrìn dí irà, omi òjò tí irà ì bá fà mu, ilé onílé ló ń yà sí. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú ọgbà yìí ṣì ń fà á bíi kànìnkànìn.

Ẹ tètè dé, láago mẹ́jọ ààbọ̀ tí wọ́n bá ṣí géètì, kí oòrùn tó mú, kí ariwo tó lé ẹranko wọgbó. Òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi ò dáa fún ẹni tó fẹ́ rí nǹkan. Ọ̀nà pákó tó la irà kọjá ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Ẹ dúró, ẹ panu mọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi ibẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi tíì tí kò ní mílíìkì: ewé tó ń jẹrà ló pa á láró, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ tẹjú mọ́ ohun tẹ́ ẹ pè ní ìtì igi, ó lè jẹ́ ọ̀nì.

Ọ̀bọ mona lẹ máa fi àmì funfun méjì ẹ̀gbẹ́ ìrù rẹ̀ dá mọ̀. Ẹ má fún un lóúnjẹ rárá! Èyí tó bá ti mọ́ lára, ọwọ́ ọmọdé ni yóò ti já bisikíìtì gbà lọ́la.

Ní ti afárá, ẹ béèrè lẹ́nu géètì bóyá owó rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ó ń mì, pàápàá tí èèyàn púpọ̀ bá ń gbẹ́sẹ̀ pọ̀, nítorí náà ẹ jìnnà díẹ̀ sí ẹni tó wà níwájú. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi dì í mú, kí fóònù wà nínú báàgì. Pákó máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò: kẹ́ńfáàsì ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà, kí ṣòkòtò sì gùn nítorí ẹ̀fọn.

Ẹni tí orúnkún ń dùn lè fi afárá sílẹ̀. Wákàtí kan lórí ọ̀nà pákó tó o.