Hẹ́ẹ̀dìfóònù Apariwo Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jẹnẹrétọ̀: Ohun tí Mo Rí Lẹ́yìn Oṣù Mélòó Kan

Ìgbà tí n kò fi orin kankan sí hẹ́ẹ̀dìfóònù apariwo yìí ni mo máa ń mọ iyì rẹ̀ jù. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe nílé, ẹ̀bá fèrèsé mi gan-an sì ni àwọn ará ilé kejì gbé jẹnẹrétọ̀ wọn sí. Bí mo bá dé e, tí mo sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, híhùn jẹnẹrétọ̀ náà a lọ sílẹ̀ débi pé ìró kọ̀ǹpútà tí mò ń tẹ̀ á wá hàn sí mi ketekete.

Máíkì kéékèèké wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ariwo tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ a ṣe ìgbì mìíràn tí agbára rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ariwo, ṣùgbọ́n tó fi ìdajì ìyípo, ìyẹn 180 dígírì, yàtọ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé ibi tí ọ̀kan bá ti ga ni èkejì á ti lọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé lẹ́nu ihò etí, wọ́n a pa ara wọn rẹ́. Bí wọ́n bá jọ ń ga, tí wọ́n jọ ń lọ sílẹ̀ ni, ariwo ni ì bá le sí i. Èrò yìí ti pẹ́: ọdún 1936 ni Paul Lueg, ọmọ Jámánì, gba ìwé-àṣẹ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kí 180 yẹn pé. Ká ní ìgbì ẹ̀rọ fi ìdá kan nínú 2,000 ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ dé. Fún ìró tó ń mì nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, dígírì 18 péré ni ìpẹ́ náà jẹ́, ohun tó sì ṣẹ́kù fún etí kò tó ìdámẹ́ta ìgbì ti tẹ́lẹ̀. Fún ìró tó ń mì nígbà 1,000, ìpẹ́ kan náà di 180 dígírì gbáko, ìgbì tó yẹ kó pa ariwo a sì di alátìlẹ́yìn rẹ̀. Kò tilẹ̀ tíì dé ibẹ̀ tí èrè ti tán, nítorí bí àṣìṣe bá ti kọjá 60 dígírì, ó sàn kéèyàn pa ẹ̀rọ náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi jẹ́ kó dojú kọ ìró ìsàlẹ̀, tí wọ́n fi ìró tó tín-ín-rín sílẹ̀ fún tìmùtìmù tó bo etí.

Jẹnẹrétọ̀ wá bọ́ sí i lọ́wọ́. Èyí tó ń lo bẹtiróòlù lásán, tí wọn kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, a máa yí ní bíi 3,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ a sì bú lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì, èyí tó jẹ́ ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn, ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe láìyẹ̀. Ohùn ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀: bí ìyá mi bá pè mí láti ilé ìdáná, mo ń gbọ́ wọn, igbe ọmọ kékeré sì ń wọlé bó ṣe wù ú.

Mo ní ẹ̀sùn méjì. Apá awò ojú mi a máa gbé tìmùtìmù kúrò lára díẹ̀, híhùn ìsàlẹ̀ a sì gba ibẹ̀ wọlé. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti fáànù: atẹ́gùn rẹ̀ a máa lu máíkì, ẹ̀rọ a ṣe ìgbì láti fi pa ariwo tí kò dé etí mi rárá, ìgbì náà kò sì rí èyí tí yóò bá pàdé, òun fúnra rẹ̀ a wá di ariwo.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀, tàbí tó ń wọ bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn, lè rà á. Ẹni tó jẹ́ pé ẹjọ́ wẹ́wẹ́ àwọn ará ilé ló ń sá fún, kó lọ ra fóòmù tí wọ́n ń fi dí etí, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó bá sì ń lo awò ojú, kó má ṣe bọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tó bá ń dán an wò, kó sì ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ wọn kó tó sanwó.