Àgbéyẹ̀wò Codex Sinaiticus Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Fún Àwọn Tó Ń Jiyàn Lórí Jíjẹ́ Ọlọ́run Kristi

Ẹni tó bá ń jiyàn lórí bóyá Jésù Kristi jẹ́ Ọlọ́run, ì báà jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà tàbí ọmọ ìjọ Áńgílíkà, yóò rí ohun mú dání ní ìkànnì Codex Sinaiticus, èyí tí mo fi ń múra ẹ̀kọ́ Bíbélì sílẹ̀ fún kíláàsì àwọn àgbà ní ìjọ wa. Ọ̀fẹ́ ni. Codex Sinaiticus fúnra rẹ̀ jẹ́ Bíbélì èdè Gíríìkì tí wọ́n fọwọ́ kọ sórí awọ ẹran ní ọ̀rúndún kẹrin, òun ló sì ní odindi Májẹ̀mú Tuntun tó pẹ́ jù lọ tó wà títí dòní. Ewé 347 nínú rẹ̀ wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù, 43 wà ní Leipzig ní Jámánì, ìyókù sì wà ní ilé àwọn mọ́ńkì Saint Catherine ní Sínáì àti ní St Petersburg ní Rọ́ṣíà. Láti ọdún 2009 ni ènìyàn ti lè ka gbogbo wọn lójú kan náà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣí ni 1 Tímótì 3:16. Nínú Bíbélì King James, Ọlọ́run ni a fi hàn nínú ara, ọ̀pọ̀ oníwàásù sì gbójú lé ẹsẹ̀ yìí. Nínú àwòrán ojú ewé Codex náà ní ìkànnì yìí, “ẹni tí” ni akọ̀wé àkọ́kọ́ kọ. Ọwọ́ mìíràn, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, ló fi lẹ́tà kéékèèké méjì kún un lókè ìlà kí ó lè di “Ọlọ́run”. Bí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, ìkànnì náà yóò fi ibi tó wà hàn yín, ìrànlọ́wọ́ ńlá sì nìyẹn nítorí pé àwọn lẹ́tà náà so kọ́ra láìsí àlàfo. Ní 1 Jòhánù 5:7, gbólóhùn Baba, Ọ̀rọ̀ àti Ẹ̀mí Mímọ́ tó ń jẹ́rìí ní ọ̀run kò sí níbẹ̀ rárá.

Àwọn kan á gbọ́ èyí, wọ́n á ní ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan ti wó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Jòhánù 20:28, níbi tí Tọ́másì ti pe Jésù ní Olúwa mi àti Ọlọ́run mi, wà níbẹ̀ kedere. Nígbà àríyànjiyàn Arius, àlùfáà tó ní ẹ̀dá ni Kristi, àti Athanasius, tó ní Ọlọ́run gan-an ni, ṣáájú Àpérò Nicaea ti àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 325 àti lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá, ìtumọ̀ àwọn ẹsẹ̀ tí tọ̀tún-tòsì jọ gbà ni wọ́n ń bára wọn fà, bíi Òwe 8:22 àti Jòhánù 14:28.

Ní ti àṣẹ Ìwé Mímọ́, ẹ kọjá ìwé Ìfihàn. Ẹ ó bá Épísítélì Bánábà àti apá kan ìwé Olùṣọ́ Àgùntàn ti Hermas, tí kò sí nínú Bíbélì tí à ń kà. Athanasius yìí kan náà ló to ìwé 27 ti Májẹ̀mú Tuntun lẹ́sẹẹsẹ nínú lẹ́tà rẹ̀ ti ọdún 367. Ẹni tó bá ní Bíbélì nìkan ni òun ń tẹ̀ lé gbọ́dọ̀ lè sọ bí a ṣe mọ ìwé tó yẹ kó wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè yìí ló gba àkókò jù lọ ní kíláàsì wa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Kò sí Yorùbá níbẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ìwé ni wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn àwòrán náà a máa jẹ dátà, ojú kọ̀ǹpútà sì yẹ wọ́n ju ti fóònù lọ. Ẹni tí kò gbọ́ Gíríìkì yóò nílò Bíbélì tó to Gíríìkì àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́. Síbẹ̀, kí olùkọ́ Bíbélì kankan tó tún fi 1 Tímótì 3:16 dá alátakò lẹ́kun, mo rọ̀ ọ́ kó kọ́kọ́ wo ojú ewé yẹn fúnra rẹ̀.