Ẹ̀kọ́ Nípa Síìlì Erin àti Ààbò Etíkun: Ohun Tí Mo Rí ní Kíláàsì Ìsinmi Kan ní Abẹ́òkúta

Ní àkókò ìsinmi gígùn tó kọjá, ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ aládàáni kan ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta, ṣí kíláàsì sáyẹ́ǹsì kan fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, níbi tí wọ́n ti kọ́ wọn nípa síìlì erin (elephant seal), ẹranko òkun ńlá kan, àti bí a ṣe ń dáàbò bo etíkun. Mo fi ọmọbìnrin mi tó wà ní SS2 síbẹ̀, mo sì gba àyè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ láti jókòó lẹ́yìn kíláàsì, nítorí pé bàọ́lọ́jì ni èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀kọ́ náà tó owó tí wọ́n gbà, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ara ẹranko yìí. Ṣùgbọ́n apá tó kan àwa tí à ń gbé létí odò Ògùn gan-an ni wọ́n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Òbí kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé kí ni ọmọ Ẹ̀gbá fẹ́ fi ẹranko tí kò sí nínú òkun wa ṣe. Ìbéèrè gidi ni, mo sì rò pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ dáhùn rẹ̀. Oríṣi síìlì erin méjì ló wà: ti àríwá, tí ń bímọ ní etíkun Kalifọ́níà àti Mẹ́síkò, àti ti gúúsù, tí ń gbé ní àwọn erékùṣù ìhà Antarctica àti ní etíkun Ajẹntínà. Ẹranko afọ́mọlọ́mú ni, afẹ́fẹ́ ló ń mí bíi tiwa, síbẹ̀ abẹ́ omi ló ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ SS2 ń há sórí nípa ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn àti ọ̀rá ni yóò rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ẹranko kan ṣoṣo yìí.

Ẹ̀kọ́ nípa bó ṣe ń mòòkùn ni mo fẹ́ràn jù. Olùkọ́ náà, ọ̀dọ́mọbìnrin tí àwọn ọmọ ń pè ní Àǹtí, kọ́kọ́ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọn yóò ṣe bí wọ́n bá fẹ́ wọ abẹ́ omi, gbogbo wọn sì pariwo pé àwọn yóò fa afẹ́fẹ́ símú dáadáa. Ó wá ṣàlàyé fún wọn pé ńṣe ni síìlì erin máa ń mí afẹ́fẹ́ jáde kó tó wọlẹ̀, nítorí pé inú ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ara ló ń tọ́jú ọ́síjìn tí yóò lò sí. Pé bó bá ti ń lọ sísàlẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ a súnkì, lílù ọkàn rẹ̀ a sì falẹ̀, kí ọ́síjìn náà má baà tètè tán. Báyìí ló ṣe ń dé ibú tó jìn tó mítà 400 sí 600 léraléra, tí yóò wà lábẹ́ omi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, tí yóò gòkè wá mí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí yóò sì tún padà lọ.

Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kò ní rì tó bá sùn?" Àǹtí dá a lóhùn pé, "Rírì náà ló ń rì, ọmọ mi. Ibi tó ti ń rì náà ló ti ń sùn." Ó wá fi àwòrán ìwádìí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Jessica Kendall-Bar, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2023 hàn wọ́n. Wọ́n de ohun èlò tí ń gba ìṣesí ọpọlọ sílẹ̀ mọ́ orí àwọn abo síìlì erin ti àríwá, wọ́n sì rí i pé nǹkan bíi wákàtí 2 péré ni wọ́n ń sùn lójúmọ́ nígbà tí wọ́n bá wà lójú òkun, àsùnjí díẹ̀díẹ̀ sì ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó ìṣẹ́jú 20. Bí oorun bá ti wọra, ẹranko náà a dojú ikùn sókè, a sì máa pòòyì lọ sísàlẹ̀ bí ewé gbígbẹ tó já, nínú ibú tí àwọn tí ń pa á jẹ kì í sábà dé. Tó bá wà ní etíkun, ó lè sùn tó wákàtí 10. Kò sí ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń wo àwòrán yìí, mo sì mọ bó ṣe ṣòro tó láti rí irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì ọ̀sán.

Ìwé iṣẹ́ tí wọ́n pín náà dára. Lójú ewé kan, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ya ìlà ìwọ̀n ọmọ síìlì erin ti àríwá láti ọjọ́ tí wọ́n bí i títí di ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ já a lẹ́nu ọmú. Kò tó kílò 40 nígbà tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 ó ti lé ní kílò 120, nítorí pé ọ̀rá inú wàrà ìyá náà ń pọ̀ sí i títí yóò fi kó ìdajì wàrà náà. Ìyá kì í fi oúnjẹ kan ẹnu ní gbogbo àkókò yẹn. Ọmọ mi fi pẹ́ńsù pupa ya ìlà ìyá tó ń wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà ọmọ tó ń gòkè, èmi tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ́ àwọn ọmọ nípa ọ̀rá láti ọjọ́ yìí, mo da ewé náà kọ.

Àwòrán ńlá ara ògiri ni mo ní ẹjọ́ rò lórí rẹ̀. Wọ́n ya máàpù Kalifọ́níà, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé akọ ń wọn kílò 4,000. Akọ ti gúúsù ló lè tó bẹ́ẹ̀. Ti àríwá kì í sábà ju nǹkan bíi kílò 2,300 lọ. Bákan náà ni wọ́n fi ìmòòkùn tó ju mítà 2,000 lọ, tó jẹ́ ti gúúsù, sórí máàpù ti àríwá. Ọmọ tó bá há èyí sórí yóò gbé àṣìṣe wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Mo sọ fún wọn, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ mi tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán náà ṣì wà lára ògiri títí ẹ̀kọ́ fi parí.

Wọ́n sọ ìtàn ààbò rẹ̀ dáadáa. Nítorí òróró tí wọ́n ń yọ lára ọ̀rá rẹ̀, àwọn ọdẹ pa ti àríwá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún débi pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù, ní erékùṣù Guadalupe ní Mẹ́síkò. Ìjọba Mẹ́síkò fi òfin dáàbò bò ó ní 1922, Amẹ́ríkà náà sì tẹ̀ lé e. Ní 1961 wọ́n bí ọmọ àkọ́kọ́ ní erékùṣù Año Nuevo, ní Kalifọ́níà. Ní 1990 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wá sí etíkun Piedras Blancas, ní Kalifọ́níà bákan náà. Lónìí wọ́n ti ju 150,000 lọ. Àǹtí kò fi ibẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nítorí pé ìdílé díẹ̀ ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá, ìyàtọ̀ inú àbùdá wọn kéré jọjọ, èyí tó lè mú kí àrùn tètè ràn wọ́n. Ó sì sọ fún wọn pé ní 2023, àrùn àwọn ẹyẹ H5N1 pa ọmọ síìlì erin ti gúúsù tó ju 17,000 lọ ní Península Valdés, ní Ajẹntínà.

Lẹ́yìn èyí ni ọwọ́ wọn rọ. Ìpín tó kẹ́yìn, tí wọ́n pè ní ààbò etíkun, kò ju pé kí a má da ìdọ̀tí sí etíkun. Bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn ní etíkun tirẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Odò tó ń kọjá lábẹ́ afárá Láfẹ́nwá ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Èkó, ọ̀sà náà sì ṣí sí òkun, torí náà ike àti ọ̀rá píọ́wọ́tà tí òjò gbá láti àwọn ọjà wa lè dé ibi tí àwọn ìjàpá òkun ti ń gòkè yé ẹyin. Ní Àyétòrò, nílẹ̀ Ìlàjẹ, òkun ti gba ilé àti ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ mọ orúkọ etíkun Kalifọ́níà mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dárúkọ Àyétòrò fún wọn. Ọ̀sán kan ṣoṣo ní Láfẹ́nwá, pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan láti kọ ohun tí odò ń gbé lọ sílẹ̀, ì bá tó.

Iye tí wọ́n gbà jẹ́ ₦12,000, ìwé iṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Gbọ̀ngàn náà mọ́, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ súnmọ́ fèrèsé jù, àwọn tó jókòó lápá ọ̀tún kò gbọ́ ohùn olùkọ́ dáadáa. Kí òbí sọ fún ọmọ rẹ̀ kó tètè dé, kó sì jókòó sápá òsì níwájú. Mo rò pé ọmọ SS1 sí SS3 ni ẹ̀kọ́ yìí bá mu jù, torí pé ọmọ JSS yóò gbádùn àwòrán rẹ̀ ṣùgbọ́n ìṣirò inú ìwé iṣẹ́ yóò nira fún un. Bí wọ́n bá tún ṣí i nísinmi tó ń bọ̀, màá fi àbúrò ọmọ mi tó ń wọ SS1 síbẹ̀. Kí n tó san owó, màá béèrè bóyá wọ́n ti tún àwòrán ara ògiri náà ṣe, àti bóyá odò Ògùn ti wà nínú ètò ẹ̀kọ́ wọn.