Àkáǹtì ìfowópamọ́ àti kọ́rẹ́ǹtì: ohun tí ojú mi rí ní báńkì kan ní Kábà

Kajú ni mò ń rà káàkiri Ìyàrà, Ẹ̀kìnrìn-Àdẹ àti Kábà láti oṣù kejì dé oṣù karùn-ún. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, àkáǹtì ìfowópamọ́ kan ṣoṣo ni mo fi ń ṣe gbogbo òwò náà, nítorí pé òun ni akọ̀wé báńkì ṣí fún mi láì bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe.

Ohun tí kò sọ ni pé ẹni tó bá gbowó jáde ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóṣù kan yóò pàdánù èlé oṣù náà. Lásìkò kajú, mo lè ti sanwó fún àgbẹ̀ márùn-ún kí oòrùn tó kan àtàrí. Èlé ọ̀hún kò sì ṣe é fojú di, torí Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 30 nínú 100 iye èlé tí òun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀. Nígbà tí ìyẹn wà ní 27 lórí 100 ní ìparí ọdún 2025, ó ju náírà 8 lọ lórí 100 náírà lọ́dún.

Mo wá lọ ṣí kọ́rẹ́ǹtì, èyí tó gba sùúrù. Wọ́n ní kí n mú onígbọ̀wọ́ méjì tí àwọn náà ní kọ́rẹ́ǹtì wá. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì buwọ́ lùwé fún mi, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù náà padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní ìbuwọ́lùwé rẹ̀ kò bá ti àtijọ́ mu, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ Bàbá ló ti ń gbọ̀n. A fi Bàbá jókòó, wọ́n sì rọra kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Kọ́rẹ́ǹtì kì í ka iye ìgbà tí mo gbowó. Kì í sì í san èlé fún mi. Àmọ́ ó ń gba tirẹ̀: ó tó náírà 1 lórí 1,000 náírà tó bá jáde lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, owó orí VAT tún wà lórí ìyẹn, tó fi jẹ́ pé mílíọ̀nù 2 tí mo san fún àwọn àgbẹ̀ gba 2,150 náírà lọ́wọ́ mi. Mo fara mọ́ ọn. Bí kajú bá ti parí, mo máa ń kó èrè kúrò níbẹ̀ sínú ìfowópamọ́ ní báńkì kan náà, wọn kì í yọ owó yẹn lórí rẹ̀, n kò sì ní fọwọ́ kàn án títí ọyẹ́ yóò fi lọ. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù nìkan kò nílò wàhálà kọ́rẹ́ǹtì rárá.

Ìwé sọ̀wédowó tí mo gbà sórí kọ́rẹ́ǹtì náà nìkan ni mo kábàámọ̀ owó rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ti oko Bùnú wá kò ní gba bébà lọ́wọ́ mi nígbà tí POS wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Nínú ewé 50, mẹ́ta péré ni mo tíì ya.